Bí Ọ̀gá Fantuzzi Ṣe Pa Ààlà fún Emilia àti Romagna

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí. Ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ponte Ranocchio. Mo wà níbẹ̀, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Odò kékeré kan ló la ìlú wa já. Kò jìn ju orúnkún lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú di í. Apá ìhín odò, Emilia ni. Apá ọ̀hún, Romagna ni. Ìjọba ti so àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n fa ilà kékeré kan sáàárín orúkọ wọn, wọ́n ní ẹkùn kan ṣoṣo ni: Emilia-Romagna. (Kì í ṣe ẹkùn tó ń pẹran jẹ o, ẹkùn ti ìjọba ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń jẹun dáadáa.) Ìlú wa wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ ẹkùn, ẹkùn wà lábẹ́ àwọn ará Róòmù. Wọ́n tò ó tẹ̀lé ara wọn dáadáa, àfi pé kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ibi báyìí ni Emilia parí sí tí Romagna sì bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ò bi wọ́n. Bí àlejò bá fẹ́ mọ ibi tí òun wà, kó kan ilẹ̀kùn, kó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí wọ́n bá gbé omi fún un, Emilia ló wà. Bí wọ́n bá gbé wáìnì fún un, ó ti dé Romagna. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe fi lélẹ̀, ó sì tó wa.

Ó tó gbogbo ènìyàn àfi Ọ̀gá Ademaro Fantuzzi.

Ọ̀gá Fantuzzi ni Alábòójútó Ìrìn-àjò Afẹ́, Ìdánimọ̀ Ilẹ̀ àti Ògo Ọjọ́ Iwájú ní ìlú wa. Ìrìn-àjò afẹ́ ni ìlú fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyókù kún un. Olórí ìlú wa, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tó ń sin oyin, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ohun gbogbo tí kò bá ti jẹ mọ́ oyin, ó ti fi lé Fantuzzi lọ́wọ́. Òfin ní olórí ìlú nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta tó ń gba èjìká kọjá. Fantuzzi dá tirẹ̀ sọ́dọ̀ aránṣọ, ó ní kó fẹ̀ díẹ̀ ju ti olórí ìlú lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ó fẹ́ pọn ọmọ ni.

Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya ará Netherlands kan gun kẹ̀kẹ́ dé iwájú ilé ìjọba, wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú Fantuzzi, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé ẹkùn wo ni àwọn wà. Ó ní Emilia-Romagna ni. Obìnrin náà ní àwọn mọ ìyẹn, èwo gan-an nínú méjèèjì ni? Fantuzzi la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ là, ó bá a dé orí bàbá bàbá rẹ̀, ó yà sí bí oòrùn ṣe máa ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ó tún padà sórí bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ọkọ obìnrin náà yí àwòrán ilẹ̀ náà po, ó ní ṣé Tuscany, ẹkùn mìíràn, ni àwọn wá wà ni àbí?

Àwọn ọkùnrin tó jókòó ní ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín, Fantuzzi sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó burú tó kí wọ́n fi ẹni tó ka ara rẹ̀ sí ńlá rẹ́rìn-ín. Ó pe ìpàdé ìlú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

"Ẹ̀yin ará," ó wí, ó sì gbé ọwọ́ lé ọ̀já rẹ̀, "ilẹ̀ tí kò mọ ibi tí òun parí sí, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀? Ọba ti jẹ níhìn-ín, póòpù ti jẹ níhìn-ín, ìjọba alágbádá ti dé. Nínú gbogbo wọn, ta ló pa ààlà fún wa? Kò sí. Wọ́n fi í sílẹ̀ de Fantuzzi."

A pàtẹ́wọ́, torí pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti ń lọ. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù ni Learco, akọ̀wé rẹ̀. Learco yìí, bí ọ̀gá rẹ̀ bá sín, yóò ní irú sísín báyìí kò sí mọ́ láti ìgbà tí ayé ti dáyé. Lọ́jọ́ náà ó nu ojú rẹ̀ nù, ó ní ẹkún ayọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ààlà kì bá tí le. Odò wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ilé Fantuzzi wà ní apá ìhín, lórí ilẹ̀ Emilia ponbele, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣítí tó sọ rí tí kò ti mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀ Romagna tó ń hó nínú òun. Wọ́n ní àwọn ará Romagna láyà, wọ́n sì lọ́yàyà. Àwa ará Emilia, wọ́n ní a mọ oúnjẹ sè. Ta ló fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ère rẹ̀ pé ó mọ oúnjẹ sè?

Bẹ́ẹ̀ ni Fantuzzi ṣe mú àwòrán ilẹ̀ ìlú, Learco bá a di rúlà mú, ó sì fa ilà. Ilà náà bá omi bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí, títí tó fi kù díẹ̀ kó dé àdúgbò Fantuzzi. Ibẹ̀ ló ti jáde kúrò nínú odò. Ó gun bèbè, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ilé Nardina ìyàwó oníbúrẹ́dì, ó fi ilé ìdáná rẹ̀ sí Emilia, ó fi ẹnu ọ̀nà àti ibùsùn rẹ̀ sí Romagna, ó yí ilé Fantuzzi po pátá, ó wá padà sódò. Ó ní kí wọ́n má baà sọ pé òun ń ṣojúsàájú, ohun tí òun gbà lọ́wọ́ Emilia, òun yóò san án padà. Ló bá mú kí ilà náà gorí afárá kọjá sí òdìkejì, ó bù lára Romagna tòótọ́, ó fi fún Emilia. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún sójú títì. Iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹnubodè òkúta sí, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sí i lára pé: ẸNUBODÈ FANTUZZI. NÍHÌN-ÍN NI ROMAGNA TI BẸ̀RẸ̀.

Inú èyí tó bù fún Emilia yẹn ni ìsọ̀ Argia Baldisserri bọ́ sí.

Ẹsẹ̀ afárá lọ́hùn-ún ni ìsọ̀ náà wà, aláwọ̀ ewé àti funfun. Piadina ni Argia ń tà níbẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí irin gbígbóná, tí wọ́n sì ń ká mọ́ wàràkàṣì tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tà á níbẹ̀. Gino ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé níjọ́sí, kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló máa ń jókòó sí nínú ìsọ̀, tí yóò máa gé ẹran, tí yóò máa bá àwọn oníbàárà ṣàríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Dókítà sọ fún Argia nígbà yẹn pé bí ọkùnrin yìí bá jókòó sílé, ìrònú ni yóò pa á. Ìsọ̀ yẹn ló gbà á là. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ Fantuzzi wá jáde. Ó ní nínú Emilia, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ piadina sára ìsọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu pè é, kó má baà da àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lójú rú. Crescentina, búrẹ́dì àwọn ará òkè Modena ní Emilia, ni kí Argia máa ṣe. Bí kò bá fẹ́, kó palẹ̀ mọ́ kí ọjọ́ ìṣílé ẹnubodè tó pé.

Argia lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, ó ti bá ìyá Fantuzzi gbé Fantuzzi fúnra rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ nítorí ipò.

"Ọ̀gá Alábòójútó," ó wí, "ibi tí ìyá mi dúró sí ni mo dúró sí. Mi ò ṣí kúrò."

"Ìyá Argia, ta ló ní ẹ ṣí kúrò? Ilẹ̀ ló ṣí kúrò lábẹ́ yín."

"Mi ò mọ crescentina ṣe."

"Ẹ kọ́ ọ. Ìtàn kì í dúró de búrẹ́dì."

Learco kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kó má baà gbàgbé. Argia bi í pé Gino ńkọ́? Fantuzzi fèsì pé kí wọ́n fi Gino sí ojú fèrèsé ilé wọn, kó máa wo Ẹnubodè, ojú rẹ̀ yóò là sí ìtàn. Obìnrin náà so gèlè orí rẹ̀ le, ó sì bọ́ síta. Èmi tí mo rí i nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, inú bí mi débi pé mi ò lè kí i.

Bó bá jẹ́ pé Fantuzzi panu mọ́ ni, ohun tó fẹ́ ì bá ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Ìròyìn kàn án pé Sìnyóra Bertolani, obìnrin kan tó lẹ́nu ní olú-ìlú ẹkùn, ń bọ̀ wá ṣílé ẹnubodè náà, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan tó kún fún arìnrìn-àjò afẹ́. Orí rẹ̀ wú. Ó gun orí àga ní gbàgede lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ìlú ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀ ń kùn," ó wí. "Wọ́n ní ẹ ní mo fi ọwọ́ ara mi pa ààlà. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí àṣà àwọn bàbá wa ṣèdájọ́. Kí àwọn àlejò kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Bí ilé kan ṣoṣo nínú Romagna tí mo pa ààlà rẹ̀ bá gbé omi jáde, èmi Ademaro Fantuzzi yóò bọ́ ọ̀já yìí níwájú ayé, n ó sì pa ààlà náà rẹ́."

Àwọn àgbà tó wà ní ilé kọfí wo ara wọn lójú. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ilé tó yí ti Fantuzzi ká ti ń fi omi ṣe àlejò. Ìyẹn kò sọ wọ́n di ahun o. Kí ẹ tó mu omi wọn tán, wọ́n á ti gbé oúnjẹ tí kò ní jẹ́ kí ẹ dìde síwájú yín. Ṣùgbọ́n omi ni, omi ló sì ti ń jẹ́.

Nígbà tí Fantuzzi sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ohun tó sọ wá yé òun náà. Kò kúkú ṣaláìní ọgbọ́n àrékérekè. Ó ra wáìnì Sangiovese tó dára, ó ní kí Learco pín in káàkiri àwọn ilé inú Romagna tuntun, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de àlejò. Learco gbé imú sókè, ó ń pàṣẹ láti ilé dé ilé bí wọn yóò ṣe gbé ife àti bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó ni ilé, azdora là ń pè é, kò sí ọkùnrin tó ń sọ ohun tí yóò gbé sórí tábìlì rẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀. Nardina ìyàwó oníbúrẹ́dì gba ìgò tirẹ̀, ó wo Learco láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ṣé ọ̀gá ẹ ló ń bọ̀ wá fọ ife ọ̀hún ni?" Àwọn ìyókù dúpẹ́, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọtí náà jẹ lasagne lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo bá wọn mu níbẹ̀, ọtí gidi ni.

Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà lọ bá Argia, wọ́n ní kí àwọn tilẹ̀ fi omi iyọ̀ ṣe àlejò ná, kí ojú lè ti Fantuzzi dáadáa. Argia kọ̀. Ó ní bí àwọn bá fẹ́ ran òun lọ́wọ́, kí wọ́n má purọ́ nítorí òun. Kí wọ́n gbé ohun tí wọn yóò gbé bí ẹni pé wọn ò bí Fantuzzi sáyé rí.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú bí iná. Àwọn onífèrè ìlú fun fèrè, ọmọ ilé ìwé ju àsíá, Fantuzzi sì sọ̀rọ̀ títí tí ẹni tó ń lu ìlù ńlá fi jókòó lé ìlù náà. Sìnyóra Bertolani ń fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí òùngbẹ wá ń gbẹ gbogbo ènìyàn ní tòótọ́, wọ́n mú ọ̀nà ilé Nardina pọ̀n.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò kan ilẹ̀kùn. Nardina gbé omi tútù jáde nínú ife, ó kí wọn káàbọ̀.

Fantuzzi fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní ẹ gbọ́ ná, ẹnu ọ̀nà yìí wà ní Romagna lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni omi ti wá, ilé ìdáná sì wà ní Emilia. Ààlà òun ò yẹ̀! Learco pàtẹ́wọ́. Ilé kejì, omi. Fantuzzi ní etí onílé ló di. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé fáda. Obìnrin tó ń dáná fún fáda gbé omi jáde. Fantuzzi ní omi mímọ́ nìyẹn, kò kà. Òógùn ti ń bá ọ̀já rẹ̀ ṣàn.

Láàárín àkókò yìí, tọkọtaya kan nínú àwọn àlejò ti ṣìnà kọjá afárá. Wọ́n kan ilẹ̀kùn kan lọ́hùn-ún, nínú ibi tí Fantuzzi ní ó ti di Emilia, wáìnì ni. Wọ́n kan òmíràn, wáìnì. Wọ́n dé ìsọ̀ Argia, Gino bu wáìnì kún ife fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní orin kan tí n kò lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níbí. Ohùn wọn gba orí omi wá bá wa. Bí àwọn àlejò tó kù ṣe gbọ́ ọ, wọ́n ń yọ́ lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì méjì, títí tó fi ku Sìnyóra Bertolani, onífèrè díẹ̀ àti àwa tá a fẹ́ wo òpin rẹ̀.

"Ọ̀gá Fantuzzi," Sìnyóra Bertolani wí, "ó jọ pé lọ́hùn-ún ni Romagna wà."

"Ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni wọ́n tàn jẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè tàn. Ilé tèmi gan-an, lábẹ́ Ẹnubodè. Ìyá mi wà níbẹ̀."

Zelinda, ìyá Fantuzzi, ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran. Gbogbo òwúrọ̀ yẹn ló fi jókòó ní ojú fèrèsé, tó ń wo ẹnubodè tí kò jẹ́ kí oòrùn dé ibi tó ń sá aṣọ sí. Sìnyóra Bertolani kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Oòrùn yìí mà pọ̀." Ìyá wọlé. Ó gbé ife jáde lórí àwo kékeré, omi ló wà nínú rẹ̀.

Fantuzzi sún mọ́ ọn. "Mọ́mì," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wáìnì."

"Wáìnì kẹ̀?" Ohùn ìyá kò mọ jẹ́jẹ́. "Wáìnì nínú oòrùn yìí, fún obìnrin tí mi ò mọ̀ rí? Ademaro, ìgbà wo la di ará Romagna? Omi ni ìyá mi fún bàbá ẹ lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi. Ó mu ún, ó sì tún béèrè sí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sìnyóra Bertolani mu omi náà tán, òun náà tún béèrè sí i, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó kàn ń wo ọ̀já ara Fantuzzi. Gbogbo wa ń wò ó.

Ọwọ́ ọkùnrin náà ò gbéra. Learco ló bá a tú u. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́," ó ká ọ̀já náà dáadáa, ó gbé e lọ bá olórí ìlú, a sì gbọ́ tó ń sọ fún un pé irú oyin báyìí kò sí mọ́ láti ìgbà tí ayé ti dáyé. Sìnyóra Bertolani sọ pé kí wọ́n ha ọ̀dà náà kúrò lójú títì, ó wá béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Fantuzzi nìkan ló kù níwájú ilé, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti rin gbingbin. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀.

"O ò jẹun," ìyá rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé. "Mi ò se nǹkan kan o. Gbogbo ayé ló wà lọ́dọ̀ Argia. Lọ ra tèmi bọ̀, kí o ra tìẹ."

Ó gba orí afárá kọjá. Èrò ti tò sídìí ìsọ̀ dé ẹnu títì, àwọn àlejò, àwọn onífèrè, Sìnyóra Bertolani pàápàá. Fantuzzi kọjá lára gbogbo wọn, ó lọ dúró níwájú pátápátá. Argia kò gbé ojú sókè lórí irin gbígbóná.

"Ademaro," ó wí, "ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tò."

Ó padà sẹ́yìn, ó tò. Àwọn èrò ń sún, òun náà ń sún. Nígbà tó kàn án, oòrùn ti rọlẹ̀.

"Méjì," ó wí. "Ọ̀kan fún Mọ́mì."

"Méjì kí ni?"

Gino dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹran.

"Piadina," Fantuzzi wí.

"Mi ò gbọ́."

"Piadina méjì, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Argia bu ìyẹ̀fun sọ́wọ́, ó bi í bóyá wàràkàṣì ló fẹ́ ká mọ́ ọn tàbí ẹran, Gino sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.